Kẹ́mísì tí wọ́n ti rí ìdí ikọ́ Mọ́mì mi ní Kubwa

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ń bí mi nínú. Kẹ́mísì yìí ò ní ibi téèyàn lè páàkì mọ́tò sí, fáànù kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì lọ ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ọ̀ ẹ máa dúró títí ẹsẹ̀ á fi wú. Owó wọn tún fi díẹ̀ lé ti àwọn tó ń ta oògùn nínú ọjà. Síbẹ̀ ibẹ̀ ni mo ti ń ra oògùn BP Mọ́mì báyìí, mi ò tún yà síbòmíì mọ́.

Mọ́mì wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá wa tọ́jú ọmọ, lisinopril, oògùn BP tí dókítà kọ fún wọn nílé, sì wà nínú báàgì wọn. Ikọ́ ni ṣáá. Ikọ́ gbígbẹ, kò sí kẹ̀lẹ̀bẹ̀, òru ló máa ń le jù, àwa rò pé eruku ọyẹ́ Abuja ni torí eruku ibí yìí ò mojú ẹnikẹ́ni, mo ra ṣírọ́ọ̀bù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, a se atalẹ̀, a po oyin mọ́ ọn, pàbó ló já sí. Ibi tí a ti kọ́kọ́ ń ra ṣírọ́ọ̀bù, wọ́n kàn ń gbowó ni, wọn ò bi wá ní nǹkan kan.

Níbí yìí, ọmọbìnrin Hausa kan ni fàmásísìtì wọn (Yorùbá rẹ̀ ò ju "ẹ káàárọ̀ Mama" lọ, àmọ́ bó ṣe lóṣòó kí Mọ́mì, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn). Ó ní kí n sọ gbogbo oògùn tí Mama ń lò. Bó ṣe gbọ́ lisinopril, ó fa páálí oògùn kan ya, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán.

Ó ní tí BP bá lọ sílẹ̀, kíndìnrín á tú renin jáde, renin á gé nǹkan kan tí ẹ̀dọ̀ ṣe sínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn á di angiotensin kìíní, tí ò tíì lágbára. Ẹ̀dọ̀fóró ni ACE, èròjà kan tó ń gé nǹkan nínú ara, ti pọ̀ jù, ACE ló máa sọ ọ́ di angiotensin kejì, ẹni burúkú gan-an nìyẹn, á fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, á tún ránṣẹ́ sí ẹṣẹ́ kékeré tó dé orí kíndìnrín bíi fìlà pé kó tú aldosterone sílẹ̀. Aldosterone ò ní jẹ́ kí kíndìnrín da iyọ̀ nù, ibi tí iyọ̀ bá sì jókòó sí lomi máa ń dúró, BP á bá gòkè. Lisinopril ló ń di ACE lọ́wọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ACE yìí kan náà ló ń bá wa palẹ̀ èròjà ara míì tó ń jẹ́ bradykinin mọ́, tí wọ́n bá ti dì í lọ́wọ́, bradykinin á pọ̀, ọ̀nà ọ̀fun àwọn míì á máa yún wọn, wọ́n á sì máa wúkọ́. Losartan, oògùn BP míì, ní tiẹ̀ ò fọwọ́ kan ACE, ẹnu ọ̀nà tí angiotensin kejì fẹ́ gbà wọlé ló ń tì, ìdí nìyẹn tí ikọ́ rẹ̀ fi ṣọ̀wọ́n.

Ó tún ní captopril, ẹ̀gbọ́n lisinopril, oró ejò Brazil kan ni wọ́n ti rí ọgbọ́n rẹ̀. Mo túmọ̀ ẹ̀ fún Mọ́mì, wọ́n pariwo, "Oró ejò kẹ̀! Ṣé ejò ni mo ti ń gbé mì láti ọjọ́ yìí ni?"

Mo ní kó kúkú ta losartan fún wa ká máa lọ, ó kọ̀ jálẹ̀. Inú bí mi o. Ó wọn BP, 158/94, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó ní ká gbé e lọ bá dókítà, kí Mama má sì dá oògùn dúró fúnra wọn. Dókítà ló wá pààrọ̀ ẹ̀ sí losartan, ó fi amlodipine, oògùn BP míì, kún un, ó sì ní ká lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ fún kíndìnrín àti potassium. Tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ikọ́ ti lọ. Ìgbà tí a padà lọ rà á, fàmásísìtì yẹn tún gba diclofenac, oògùn ìrora orúnkún, lọ́wọ́ Mọ́mì, ó ní oògùn yẹn àti losartan lè jọ fìyà jẹ kíndìnrín.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹ mú kéèṣì dání, POS wọn máa ń ṣe wèrè. Mọ́mì ní tí mo bá tún ń lọ, kí n bá wọn ra fáànù kan dání.