Garrard, Thorens tàbí Technics: èwo ni kí ẹ fi sílé?

Ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù mẹ́ta ló wà nílé mi ní Kábà, ààyè ẹyọ kan ló sì wà lórí tábìlì sítẹ́rìò. Garrard SP 25 ni bàbá mi fi sílẹ̀. Thorens TD 160 ni mo fi owó ara mi rà. Ẹ̀gbọ́n mi ló fún mi ní Technics SL-1200MK2 nígbà tó ń kó kúrò ní Lọ́kọ́ja. Mo ti lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa, mo sì mọ èyí tó jẹ mí lówó.

Ní ti adùn ohùn, Thorens ló dùn jù létí mi. Orí sípíríìn mẹ́ta ni wọ́n gbé àwo tí rẹ́kọ́ọ̀dù ń jókòó lé àti apá rẹ̀ lé, bẹ́líìtì ló sì ń yí i, nítorí náà ariwo mọ́tò kì í dé ọ̀dọ̀ abẹ́rẹ́. Àmọ́ bí ọmọdé bá sáré kọjá nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onípákó, abẹ́rẹ́ á fò. Garrard ní tirẹ̀, rọ́bà róbótó kan ló wà láàárín mọ́tò àti àwo. Bí ẹ bá gbàgbé rọ́bà yẹn síbi tó ti fara ti mọ́tò fún oṣù díẹ̀, ojú kan lára rẹ̀ á tẹ̀, ẹ ó sì máa gbọ́ gbù-gbù-gbù lábẹ́ orin. Ọyẹ́ tún máa ń sọ rọ́bà náà di líle. Technics kò ní irú rọ́bà bẹ́ẹ̀, kò ní bẹ́líìtì.

Ọ̀rọ̀ iná ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́.

Tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ni Thorens mi. Ẹni tó tà á fún mi sọ pé tiransifọ́mà tó ń sọ fólítì 220 di 110 nìkan ló kù kí n rà. Mo rà á. Mo gbé rẹ́kọ́ọ̀dù orin ìyìn kan lé e, àwo ń yí, kò sí ohun tó jóná, àmọ́ orin náà ń wọ́ bí ẹni tí oorun ń kùn. Ìyá mi gbọ́ ọ láti ilé ìdáná, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ohùn ẹni yẹn kọ́ nìyí. Mo mọ ohùn ẹ̀.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Tiransifọ́mà lè dín fólítì kù, kò lè yí Hertz padà, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ nínú wáyà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Hertz 60 ni iná Amẹ́ríkà, 50 ni tiwa, mọ́tò Thorens yìí sì ń bá Hertz iná rìn ní ẹsẹ̀ kan náà. Àwo tó yẹ kó yí nígbà 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan wá ń yí ní nǹkan bí 27.8. Irin kékeré tí bẹ́líìtì ń gbà yí lórí mọ́tò ni mo ní láti pààrọ̀, torí ti 50 sanra ju ti 60 lọ. Oṣù mẹ́ta ni mo fi retí i láti òkèèrè, owó rẹ̀ pẹ̀lú owó ìfiránṣẹ́ sì lé ní ìdajì iye tí mo ra ẹ̀rọ gan-an.

Mo rò pé ó ti parí. Ọjọ́ kejì, iná lọ, mo tan jẹnẹrétọ̀ kékeré wa. Bí irú jẹnẹrétọ̀ bẹ́ẹ̀ kò bá ní ẹrù púpọ̀ lórí, ó máa ń sáré kọjá 50, orin á sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Kò pẹ́ tí fíríìjì fi gbéra, jẹnẹrétọ̀ mí kanlẹ̀, orin náà sì rọ̀ láàárín ẹsẹ kan. Gángan ló wà nínú orin ọ̀hún, ó ń ki ẹnì kan lóríkì. Ohùn tó yẹ kó gòkè ló wálẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ tí ìlù ń sọ sì di òmíràn. Ó dùn mí gan-an. Ẹ̀rọ tó bá lè ba ẹnu gángan jẹ́, mi ò lè fi ṣe ẹ̀rọ ilé.

Àìsàn kan náà ń ṣe Garrard, àyàfi pé ti 50 ni wọ́n tà fún bàbá mi láti ìbẹ̀rẹ̀.

Technics yàtọ̀. Láti 1979 tí MK2 ti jáde ni quartz, irú òkúta kékeré tó ń ka àkókò nínú aago ọwọ́, ti ń pinnu bí àwo rẹ̀ ṣe máa sáré tó, abẹ́ àwo náà gan-an sì ni mọ́tò wà. Ìbáà jẹ́ 50, ìbáà jẹ́ 60, kò kàn án. Bó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà lẹ rà, tiransifọ́mà nìkan tó fún un lóòótọ́. Mo dúró tì í lálẹ́ ọjọ́ kan tí fíríìjì ń gbéra, mo tẹjú mọ́ àmì ńláńlá etí àwo níwájú iná pupa rẹ̀. Àwo ń yí, àmọ́ lójú mi wọn ò kúrò lójú kan, ẹ̀rí pé eré rẹ̀ kò yí padà nìyẹn. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í lu 78, rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ tó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan.

Nítorí náà, kálukú ló ní tirẹ̀. Bí ẹ bá ní ínfátà tí wọ́n kọ “pure sine wave” sí lára, tí Hertz rẹ̀ kì í sáré bíi ti jẹnẹrétọ̀, ẹ ra Thorens, ẹ ó gbádùn rẹ̀. Ẹ ṣáà yẹ ìdí rẹ̀ wò fún Hertz kí ẹ tó sanwó. Bí àwọn àgbà yín bá fi rẹ́kọ́ọ̀dù 78 sílẹ̀, ẹ wá Garrard, kí ẹ sì fi abẹ́rẹ́ tó sanra sí i, torí ojú ọ̀nà rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn fẹ̀ ju ti LP, rẹ́kọ́ọ̀dù 33⅓, lọ. Ẹni tó bá ń fi jẹnẹrétọ̀ gbé ilé bíi tèmi, Technics ni kó wá, kódà bó bá máa fi oṣù mélòó kan tu owó jọ.

Technics ló wà lórí tábìlì báyìí. Garrard wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú rẹ́kọ́ọ̀dù 78 mẹ́sàn-án tí bàbá mi fi sílẹ̀. Thorens ni mo fẹ́ tà, ẹni tó bá sì wá rà á, màá kọ́kọ́ bi í léèrè irú iná tó ń lò nílé.