"Inú ń bí mi" ni mo kọ, "inú wa dùn" ni wọ́n tẹ̀

Ojú ìwé 14 ló fa gbogbo wàhálà yìí. Nígbà tí ìwé ìrántí ẹbí wa tí mo ní kí ilé iṣẹ́ kan bá wa ṣe dé, ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ṣí, torí ibẹ̀ ni fọ́tò Bàbá wà. Ohun tí mo fọwọ́ ara mi kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rèé: "Bàbá, inú ń bí mi sí yín. Ẹ lọ kí n tó bi yín ìdí tí ẹ ò fi bá Bọ̀ọ̀dá sọ̀rọ̀ fún ọdún 6." Ohun tí mo bá níbẹ̀: "Bàbá wa, inú wa dùn pé a ní yín." Wọ́n tún ya òdòdó sí i.

Ta ló bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi dùnnú?

Bébà wọn dára o, kò ní ásíìdì tó ń ba fọ́tò jẹ́. Álíbọ́ọ̀mù Mọ́mì, èyí tí gọ́ọ̀mù wà lójú rẹ̀, ti sọ fọ́tò ìgbéyàwó wọn di pupa rúsúrúsú, nítorí náà mo mọ iyì bébà gidi. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé àwọn fúnra wọn ló ní ká má kọ orúkọ àti ọjọ́ nìkan. Wọ́n fi ìbéèrè ránṣẹ́: "Ta ni kò sí nínú fọ́tò yìí?" Bọ̀ọ̀dá ni kò sí níbẹ̀. Mo kọ ọ́, mo sì sunkún. (Nínú ìwádìí tí Pennebaker àti Beall, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, tẹ̀ jáde ní 1986, àwọn tó fi ìṣẹ́jú 15 kọ ohun tó dùn wọ́n àti bó ṣe rí lára wọn lálẹ́ 4 léra kọ́kọ́ banú jẹ́ sí i, ṣùgbọ́n wọn ò lọ sílé ìwòsàn tó àwọn yòókù lẹ́yìn náà. Ẹkún tèmi náà lérè, tí wọn ò bá pa á rẹ́.)

Mo pè wọ́n. Ọkùnrin àkọ́kọ́ ní, "Ẹ má bínú mà, àwọn ọmọdé lè kà á." Mo ní kó fi ibi tí wọ́n kọ òfin yẹn sí hàn mí. Ó fi orin sí mi létí fún ìṣẹ́jú 22; mo kà á. Ẹnì kejì ní àwọn máa dín owó ìwé tó kàn kù fún mi. Èwo ni ti owó nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ẹnì kẹta, obìnrin ni. Ó ní kí n ka ohun tí mo kọ sókè. Mo dé "ọdún 6", ohùn mi há. Kò kán mi lójú, kò sì bẹ̀ mí. Nígbà tó yá ló ní, "Ẹ jẹ́ kí n wá bébà yín, mà." Ó rí i. Ó ní ìkọ̀wé ọwọ́ mi gan-an làwọn máa tẹ̀, títí kan ibi tí mo ti fagi lé ọ̀rọ̀. Ó bi mí bóyá kí òun lẹ àpò sẹ́yìn fọ́tò, kó jẹ́ pé ẹni tó bá fà á yọ nìkan ló máa kà á. Mo ní rárá, kó wà ní gbangba. Ilẹ̀ mọ́, mo pè é padà pé kó bá mi lẹ àpò náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gé e sílẹ̀ láti àná.

Ìwé kejì dé, ó pẹ́ ju bí wọ́n ṣe sọ lọ, ìlà méjì nínú ọ̀rọ̀ mi sì ṣú. Bọ̀ọ̀dá wá kí wa. Wọ́n ki ìka bọ àpò yẹn, wọ́n kà á, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n ní kí n fún àwọn ní bíró. Wọ́n kọ nǹkan sẹ́yìn bébà náà, wọ́n tì í padà sínú àpò. Mi ò tíì fà á yọ.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Mo ti ń kó fọ́tò Mọ́mì jọ, ilé iṣẹ́ yìí náà ni màá kó o fún.