Àyẹ̀wò dátà: níbi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ ni, àbí ní data warehouse?

Ká ní olówò kajú kan ní ẹ̀ka ní Kàbà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, tó sì ń kó àkọsílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sí data warehouse kan, ìyẹn ibi ìpamọ́ àpapọ̀ tí dátà gbogbo ẹ̀ka ń wọ̀.

Bí a bá ń yẹ̀ ẹ́ wò níbi ìkọsílẹ̀, fọ́ọ̀mù ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Kí orúkọ ìlú jẹ́ ohun tí wọ́n á mú látinú àtòkọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Kabba, Kaba àti Kàbà á di ìlú mẹ́ta. Kí àpótí tí wọ́n á kọ iye kílò sí lórí fọ́ọ̀mù yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n á kọ iye àpò sí. Ẹ fi nọ́ńbà fóònù pamọ́ bí ọ̀rọ̀, torí Excel máa ń gé 0 iwájú, díjíìtì 11 á sì di 10. Àǹfààní tó ga jù ni pé àgbẹ̀ tó ta ọjà ṣì wà níwájú yín, ẹ lè bi í. Ṣùgbọ́n bí àpótí tó jẹ́ dandan láti kún bá pọ̀ jù, akọ̀wé á tẹ 00000000000 kí fọ́ọ̀mù lè kọjá.

Ní data warehouse, ẹ kọ́kọ́ kó dátà sí tábìlì ìdúró, níbi tí ẹ ti máa yẹ̀ ẹ́ wò kó tó wọlé gan-an. Ẹ fi iye ìlà àti àròpọ̀ kílò wé ti ẹ̀ka. Ìlà tó bá mú ìfura wá, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ gbé e sọ́tọ̀ pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Ibí nìkan lẹ ti lè rí àgbẹ̀ kan náà tó tà ní ẹ̀ka méjì. Àmọ́ 03/04/2024 ńkọ́? Bí kọ̀ǹpútà ẹ̀ka kan bá ń lo ìlànà Amẹ́ríkà, tó ń fi oṣù ṣáájú ọjọ́, ọjọ́ yẹn lásán kò lè sọ bóyá oṣù kẹta ni tàbí oṣù kẹrin.

Èmi á kọ́kọ́ náwó sí fọ́ọ̀mù. Àkọsílẹ̀ àtijọ́ ni kò ní ọ̀nà míì ju data warehouse lọ. Àṣìṣe tí ẹ bá sì rí níbẹ̀, ẹ dá a padà sí ẹ̀ka kí wọ́n tún un ṣe, torí bí ẹ bá tún kó dátà wọlé, àṣìṣe yẹn á tún bá a wọlé.