Ọ̀bẹ Àpò Tó Ń Ká: Èyí Tó Lè Bó Ọsàn Ni Kí Ẹ Rà

Kí ẹ tó gba ohun tí wọ́n kọ sára páálí ọ̀bẹ àpò gbọ́, ẹ fi bó ọsàn kan. Ẹ bó o yíká bí àwọn ọlọ́sàn ẹ̀bá títì ṣe ń ṣe, kí èèpo máa jáde ní tẹ́ẹ́rẹ́ láti orí dé ìdí láìjá, kí funfun ara rẹ̀ sì wà níbẹ̀ digbí. Ọ̀bẹ tí ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́ á ṣe é bí ẹni ń ṣeré. Èyí tó nípọn á rì wọnú ọsàn, omi á sì máa ṣàn dé ìgbúnwọ́ yín. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀bẹ kíká dúdú tí wọ́n ń pàtẹ, tí ẹ̀yìn wọn ní eyín bí ayùn, tí wọ́n ya orí ìdì tàbí egungun sí lára, ni ọsàn yìí máa dójú tì. Ẹ̀yìn irin wọn máa ń tó mílímítà 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ṣe wọ́n ń ro fíìmù ogun ni, kò ro ti ẹni tó fẹ́ ṣí páálí.

Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọ̀bẹ àpò lójúmọ́ kò ju kí a gé téèpù orí ẹrù, okùn, òwú ẹnu àpò ìrẹsì àti ọ̀rá oúnjẹ, kí a bó rọ́bà ara wáyà, kí a gé máńgòrò tàbí ìbẹ́pẹ. Ojú ọ̀bẹ tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 6 sí 8 ti ká gbogbo rẹ̀. Tó bá ti kọjá 9, ọ̀bẹ ìdáná ni ẹ ń gbé kiri nínú ṣòkòtò. Nítorí náà, ẹ má wo dídán, ẹ má sì wo iye nǹkan tí wọ́n so mọ́ ọn. Ojú tó fẹ́lẹ́ àti oríkèé tí kò mì, nǹkan méjì yìí ni kí ẹ fi owó yín rà.

Nínú àwọn tí owó wọn kò ga, Opinel Nọ́ńbà 7 ni a fi ṣe àkọ́kọ́. Joseph Opinel ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀bẹ yìí ní 1890 ní agbègbè Savoie, nílẹ̀ Faransé, ìrísí rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ìgbà náà. Nǹkan márùn-ún péré ni wọ́n tò pọ̀ di ọ̀bẹ: ojú ọ̀bẹ, èkù igi, ìṣó oríkèé, òrùka tí kì í yí, àti òrùka tó ń yí. Òrùka tó ń yí yìí, tí wọ́n fi kún un ní 1955, ló ń ti ojú ọ̀bẹ pa kó má baà ká lu ìka. Láti 2000 ni òrùka náà ti ń tì í nígbà tó bá wà ní kíká pẹ̀lú, kó má ṣí fúnra rẹ̀ nínú àpò. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń sọ bí ọ̀bẹ ṣe tóbi tó: Nọ́ńbà 2 sí 5 kò ní òrùka tó ń yí, láti Nọ́ńbà 6 lọ sókè ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ojú Nọ́ńbà 7 gùn ní sẹ̀ǹtímítà 8, ti Nọ́ńbà 8 sì jẹ́ 8.5. Nọ́ńbà 8 ni òkìkí rẹ̀ kàn jù, ó sì dáa fún ẹni tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tóbi, àmọ́ Nọ́ńbà 7 ló rọrùn jù nínú àpò ṣòkòtò. Méjèèjì kò wúwo tó gíráàmù 50, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yìn irin wọn kò tó mílímítà 2. Ibẹ̀ ni àṣírí ọsàn yẹn wà. Ní Yúróòpù, Nọ́ńbà 7 lásán, láìsí ọ̀ṣọ́, máa ń wà lábẹ́ yúrò 20. Tó bá dé Nàìjíríà, owó ẹrù àti èrè ẹni tó kó o wọlé á gùn ún lórí, ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá ń pè é ní ìlọ́po mẹ́rin, ẹ máa bá tiyín lọ.

Oríṣi irin méjì ló wà, ara ojú ọ̀bẹ ni wọ́n sì kọ ọ́ sí: INOX tàbí CARBONE. Inox ni irin tí kì í tètè dógùn-ún. Carbone mú ju Inox lọ, ó sì rọrùn láti pọ́n, àmọ́ omi ọsàn, òroǹbó wẹ́wẹ́ àti tòmátò á sọ ọ́ di dúdú láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Dúdú yẹn kì í ṣe àbùkù. Pupa ni kí ẹ bẹ̀rù, nítorí òun ni ìdógùn-ún gan-an tó ń jẹ irin. Ẹni tó ń gbé ní ìlú tí òjò ti ń rọ̀ fún oṣù mẹ́fà, tí òógùn sì ń mu ṣòkòtò rẹ̀ lójoojúmọ́, kó ra Inox. Carbone wà fún ẹni tó ṣe tán láti nù ún gbẹ lẹ́yìn gbogbo ìlò, lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá.

Àléébù Opinel wà nínú igi rẹ̀. Ihò èkù ni ojú ọ̀bẹ ń wọ̀, igi ló sì di oríkèé mú. Tí igi bá mumi, á wú, á fún ojú ọ̀bẹ pinpin, èékánná á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ya kó tó ṣí. Ní ìgbà òjò ni ẹ máa rí èyí, tàbí nígbà tí ẹnì kan bá fọ̀ ọ́ bí ẹní ń fọ abọ́. Àwọn ará Savoie ní ọgbọ́n kan fún un: ẹ kọ́kọ́ yí òrùka síbi tó ti ṣí, ẹ di èkù mú, kí ẹ fi ìdí èkù, níbi tí òrùka kò sí, kan orí tábìlì kọ́kọ́. Ṣóńṣó ọ̀bẹ á yọrí síta, ẹ óò sì rí i fà.

Ìyẹn wà fún ojú ẹsẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ wò ó sàn, ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ wà lábẹ́ òjìji fún ọjọ́ méjì, kì í ṣe inú oòrùn, torí igi tó bá yára gbẹ máa ń là. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fasilíìnì pa ẹ̀gbẹ́ oríkèé méjèèjì dáadáa, ẹ gbé e síbi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ kó lè yọ́ wọnú igi, kí ẹ wá nu èyí tó kù kúrò. Fasilíìnì tó ti wọnú igi kì í jẹ́ kí omi rí àyè mọ́. Tó bá ṣì ń le, ẹ wé sáńpépà nọ́ńbà 220 mọ́ páálí tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fi ha inú ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríkèé díẹ̀díẹ̀, ní ìhà méjèèjì dọ́gba. Ẹ ṣe sùúrù o. Igi tí ẹ bá ha jù nínú òjò, nígbà tí ọyẹ́ bá dé tí igi sún kì, ojú ọ̀bẹ á máa jù fìrìfìrì nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ku díẹ̀ kó tó rọrùn, kí òrùka máa ṣe ìyókù. Òrùka náà kò fẹ́ agbára: ẹ yí i dé ibi tó ti di ojú ọ̀bẹ mú gírígírí, kí ẹ dúró. Tí ẹ bá ń yí i dópin nígbà gbogbo, irin òrùka á jẹ, yóò sì di ohun tí ẹ ń fi ẹ̀mú yí.

Ohun mìíràn tó yẹ kí ẹ mọ̀: ọwọ́ méjì ló ń ṣí i, kò sì ní irin tí a fi ń há a mọ́ etí àpò. Ẹni tó máa ń wà lórí àkàbà, tí ọwọ́ kan ń di nǹkan mú, kò ní gbádùn rẹ̀.

Victorinox ni èkejì, ti ilẹ̀ Switzerland. Karl Elsener dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Ibach ní 1884, ó sì kọ́kọ́ kó ọ̀bẹ fún àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ náà ní 1891. Méjì ló yẹ kí ẹ wò níbẹ̀. Classic SD gùn ní mílímítà 58 nígbà tó bá wà ní kíká, ó fúyẹ́ débi pé ẹ óò gbàgbé pé ó wà lára kọ́kọ́rọ́ yín. Ojú ọ̀bẹ rẹ̀ kéré, kò lè bó ọsàn dé ìdí, àmọ́ àlùmọ́gàjí rẹ̀ nìkan tó owó tí ẹ san. Spartan ni èyí tí a lè pè ní ọ̀bẹ tó péye: mílímítà 91 ní kíká, ojú ọ̀bẹ ńlá àti kékeré, ìṣí-agolo, ọ́pínà, irin tí a fi ń lu ihò, ẹ̀mú kékeré, igi ìtayín, àti irin lílọ́ tí a fi ń fa èdídí ìgò wáìnì, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní lò ju kí a fi tú kókó okùn lọ. Ó sì ń tú kókó dáadáa.

Irin Victorinox kò le púpọ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Yóò tètè kú ju àwọn irin olówó iyebíye lọ, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú márùn-ún lórí òkúta, ó ti mú padà. Kò ní ohun tó ń tì í pa, sípíríǹgì nìkan ló gbé ojú ọ̀bẹ dúró. Nítorí náà, ẹ má fi ṣóńṣó rẹ̀ gún nǹkan líle rárá, nítorí á ká padà sórí ìka. Fífà ni kí ẹ máa fi gé nǹkan. Tí oríkèé rẹ̀ bá ń há, ìdọ̀tí àpò ló kún un: ẹ rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ máa ṣí i kí ẹ máa pa á dé nínú omi náà, ẹ gbẹ ẹ́, kí ẹ kán òróró ẹyọ kan sí oríkèé kọ̀ọ̀kan.

Ó wá ku àwọn olówó pọ́ọ́kú tí kò ní orúkọ. Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, àmọ́ ti ìsọ̀ yìí máa ń gbìyànjú. Ẹ rọra pa á dé, kí ẹ gbọ́ bóyá ojú rẹ̀ kan irin inú èkù. Tó bá ń kàn án, ibi kan á máa kú lójú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá pa á dé, ẹ ò sì ní mọ ohun tó fà á. Ẹ tún wo ojú ọ̀bẹ láti òkè nígbà tó wà ní kíká: ó yẹ kó wà láàárín gbùngbùn, kó má fara ti ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ wá ṣí i, kí ẹ di ṣóńṣó mú níhà ẹ̀yìn, kí ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Mímì díẹ̀ ṣeé fi síkúrù fún pọ̀, àmọ́ tó bá ń mì sókè sódò, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní irin pẹlẹbẹ kan nínú èkù tó máa ń fò wá dúró lẹ́yìn ìdí ojú ọ̀bẹ tí ẹ bá ṣí i. Ibẹ̀ ni kí ẹ tẹjú mọ́ jù. Irin yẹn gbọ́dọ̀ bo ìdá kan nínú mẹ́rin ìdí ojú ọ̀bẹ ó kéré tán, kó má sì kọjá ìdajì nígbà tó ṣì wà ní tuntun. Èyí tó kàn fi etí kàn án lè yọ̀ nígbàkigbà. Èyí tó ti dé ẹ̀gbẹ́ kejì ti lo ayé rẹ̀ tán kó tó dé ọwọ́ yín. Ẹ kó ìka kúrò lójú ọ̀nà, kí ẹ fi ẹ̀yìn ojú ọ̀bẹ tẹ etí tábìlì pẹ̀lú agbára díẹ̀. Tó bá ká, ìdáhùn ti dé.

Ní ti irin, tí wọ́n bá kọ 8Cr13MoV, tó jẹ́ orúkọ irú irin kan, sí i, ó ṣeé rà. Tó bá jẹ́ 3Cr13, ó rọ̀, kò ní pẹ́ kú. D2 máa ń pẹ́ kó tó kú, ṣùgbọ́n ó lè dógùn-ún. Èyí tí wọ́n kàn kọ “Stainless” sí, tí wọn kò sọ irú irin tó jẹ́, kò sọ nǹkan kan fún yín.

Ẹ̀yin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀. Òfin 1988 ibẹ̀ fàyè gba ọ̀bẹ kíká láti gbé kiri ní gbangba láìsí àlàyé tí ojú rẹ̀ kò bá ju ínṣì 3 lọ, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 7.62, tí kò sì ní ohun tó ń tì í pa. Òrùka Opinel Nọ́ńbà 7 ti yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, àyàfi tí iṣẹ́ yín bá nílò rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Spartan tàbí Opinel Nọ́ńbà 5, tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 6 tí kò ní òrùka tó ń yí, ni kí ẹ rà. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì. Èyí tí bọ́tìnì ń mú fò jáde, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ wàhálà, níbikíbi tí ẹ bá wà. Tí ẹ bá sì ń wọ bàálù, inú ẹrù tí ẹ máa fi lé wọn lọ́wọ́ ni kó wà, kì í ṣe báàgì ọwọ́.

Ẹ má gbé ọ̀bẹ fẹ́lẹ́ fún ẹni tó ń fi ẹ̀rọ pọ́n ọ̀bẹ. Iná tó ń ta pàrà lára irin yẹn ń jó ojú rẹ̀, ibi tó bá ti di búlúù kò ní lè mú pẹ́ mọ́. Òkúta ìpọ́nbẹ pẹlẹbẹ nọ́ńbà 400 àti 1000 ti tó. Tí ojú ọ̀bẹ bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1.8, ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè kúrò lórí òkúta ní mílímítà 6, ìyẹn nǹkan bíi dígíìrì 20. Ẹ máa tì í bí ẹni fẹ́ gé pẹlẹbẹ kan lára òkúta, ìhà kan títí ẹ óò fi fọwọ́ kan irun irin tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìhà kejì, kí ẹ tó yí i padà. Àwọn tó ń pààrọ̀ ìhà lẹ́yìn ìfà méjì-méjì kò tíì mú irun yẹn jáde, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń sọ pé òkúta kò ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò ní òkúta, kó da ife tánganran dojú bolẹ̀: òbìrí ìdí rẹ̀ tí kò dán yẹn ń pọ́n ọ̀bẹ, bí ojú rẹ̀ kò bá tíì kú pátápátá. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ni kí ẹ kán sí oríkèé, kí ẹ nù ún dáadáa kí ẹ tó fi gé oúnjẹ. Ẹ má lo òróró ìdáná, á di lẹ̀mọ́lẹ̀mọ́ láàárín oṣù kan, gbogbo eruku àpò á sì lẹ̀ mọ́ ọn.