DataMapper ti IMF: ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí bí wàhálà owó ọdún 2008 ṣe bẹ̀rẹ̀, sáìtì dátà tí IMF, àjọ tó ń rí sí ètò owó lágbàáyé, ṣe yìí dáa gan-an. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ ò ní ṣí àkáǹtì kankan, ẹ kàn máa yan orílẹ̀-èdè, ẹ yan nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ wò, gírááfù á jáde, púpọ̀ nínú wọn láti 1980. Àwọn ọdún tó wà lápá ìparí, àsọtẹ́lẹ̀ ni o, kò tíì ṣẹlẹ̀.

Current account ni mo máa ń wò jù, ìyẹn owó tó ń wọlé fún orílẹ̀-èdè látọ̀dọ̀ àwọn ará ìta, kẹ́ ẹ yọ èyí tó ń jáde sọ́dọ̀ wọn kúrò. Ẹ tẹ Latvia ní Yúróòpù wò. Ní 2007 owó tó ń jáde níbẹ̀ fi ohun tó lé ní 20% GDP wọn (àpapọ̀ iye ohun tí orílẹ̀-èdè pèsè lọ́dún) ju èyí tó ń wọlé lọ, báńkì ilẹ̀ òkèèrè ló ń yá wọn lówó tí wọ́n fi ń ná a, nígbà tó fi máa di 2009 owó yẹn ti gbẹ, ìlà náà wá fò sókè, ó kọjá òdo, ó bọ́ sí èrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ tẹ àìríṣẹ́ṣe ọdún yẹn kan náà. Owó tí wọ́n fi ń ra ọjà ilẹ̀ òkèèrè ni ò sí lọ́wọ́ aráàlú mọ́!

Spain náà rèé, current account ẹ̀ jìn sísàlẹ̀ òdo tó nǹkan bí 10% GDP ní 2007, ó ti bọ́ sí èrè ní 2013, ṣùgbọ́n àìríṣẹ́ṣe ti gun bíi 26%. Àwọn tó ń sọ pé ìnákúnàá ìjọba ló fà á, kí wọ́n tẹ gbèsè ìjọba Spain wò ní 2007, kò tó 40% GDP! Ìdílé àtàwọn kọ́lékọ́lé ló jẹ gbèsè, ẹ̀yìn tí ọjà ilé dẹnu kọlẹ̀ ni ti ìjọba wá ga sí nǹkan bí 100%. Inú máa ń bí mi tí wọ́n bá di ẹ̀bi yẹn ru àwọn tó pàdánù iṣẹ́.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ, torí pé current account ò lè fi gbogbo ẹ̀ hàn ni. Àwọn báńkì Yúróòpù ń yá dọ́là ní Amẹ́ríkà, wọ́n tún ń fi ra gbèsè ilé àwọn ará Amẹ́ríkà, ó wọlé ó jáde, ẹ ò ní rí i lórí ìlà yẹn, àwọn tó ń lo yúrò lápapọ̀ ò tiẹ̀ jìn sí òdo ní 2007, síbẹ̀ báńkì wọn jóná. Tó bá jẹ́ ìyẹn lẹ fẹ́ wò, dátà báńkì tí BIS, ìyẹn báńkì àwọn báńkì àpapọ̀ lágbàáyé, ń gbé jáde ni kẹ́ ẹ lọ bá.