Àdápítà VHS-C: àlòkù JVC ni mo fọwọ́ sí

Ẹni tí ìyá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ń gbé kámẹ́rà fídíò lọ òde àríyá ní London ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, àfàìmọ̀ kó má ní irú kásẹ́ẹ̀tì kéékèèké tó wà nílé wa. Tiwa kún inú Ghana-must-go kan: ìkómọ, ìgbéyàwó, ìsìnkú bàbá àgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde. VHS-C ni gbogbo wọn. Àdápítà méjì ni mo ti lò láti fi wò wọ́n nínú ẹ̀rọ fídíò ńlá, ọ̀kan tuntun, ọ̀kan àlòkù. Àlòkù ni mo fọwọ́ sí. Ẹni tó bá ń kánjú lè dúró síbí.

Kí ẹ tó náwó rárá, ẹ yẹ ara kásẹ́ẹ̀tì yín wò. VHS-C tàbí S-VHS-C (irú rẹ̀ tí àwòrán rẹ̀ mọ́ jù) ló gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. JVC ló gbé VHS-C jáde ní 1982, téèpù inú rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti VHS ńlá: mìlímítà 12.7 ni fífẹ̀ rẹ̀, ike tí wọ́n kó o sí nìkan ló kéré. Ìyẹn ló jẹ́ kí àdápítà ṣeé ṣe. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì kámẹ́rà kékeré mìíràn, bíi Video8 àti Hi8, ńkọ́? Mìlímítà 8 ni téèpù tiwọn, ti MiniDV ò sì ju 6.35 lọ. Kò sí àdápítà tó lè mú ẹ̀rọ VHS ka àwọn yẹn, kò sì lè sí. Ẹni tó bá ní òun ń tà á, yálà jìbìtì ló fẹ́ lù yín tàbí òun gan-an ò mọ ohun tó ń tà. Kámẹ́rà irú èyí tí wọ́n fi ya fídíò náà lẹ máa wá. S-VHS-C ní tirẹ̀ máa wọ inú àdápítà, àmọ́ ẹ̀rọ S-VHS ló máa gbé àwòrán rẹ̀ jáde bó ṣe yẹ.

Lójú, ike òfìfo tó tóbi tó kásẹ́ẹ̀tì VHS ni àdápítà. Inú rẹ̀ niṣẹ́ wà. Ẹ ó fi kásẹ́ẹ̀tì kékeré sí i, ẹ ó pa ìdérí rẹ̀ dé, ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń lo bátìrì AA kan á wá fi apá méjì fa téèpù jáde, títí táá fi gba gbogbo iwájú àdápítà kọjá, níbi tí ẹ̀rọ fídíò ti máa ń wá téèpù. Bátìrì ò ṣe ju ìyẹn lọ. Ẹ̀rọ fídíò fúnra rẹ̀ ló ń yí kásẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ rọ́ọ̀lù tó ń ká téèpù nínú VHS-C, eyín ló yí etí rẹ̀ ká, jíà inú àdápítà ló sì ń yí i. Jíà yìí gan-an ni kí ẹ máa ṣọ́. Bó bá ń yọ̀, ọ̀pá ẹ̀rọ fídíò á ṣì máa yí ní tirẹ̀, ẹ̀rọ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀, kò ní dúró, téèpù tí kò sí ohun tó ń ká a á wá máa tú sínú ẹ̀rọ. Bó ṣe ń jẹ téèpù nìyẹn.

Èyí tí mo rà ní tuntun, mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Owó rẹ̀ fúyẹ́, òun náà fúyẹ́ lọ́wọ́. Apá rẹ̀ kan ń ṣáájú èkejì, ìdérí rẹ̀ ò sì wọlé dáadáa. Kásẹ́ẹ̀tì tí kò ní nǹkan gidi nínú ni mo fi dán an wò. Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀, àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, nígbà tí màá fi fà á yọ, téèpù ti rún, ó ti kọ́ ara ẹ̀rọ. Ká ní ìsìnkú bàbá ni mo fi sí i ni, Màámi ì bá lé mi jáde nílé. Mo dá a padà, wọ́n sì dá owó mi padà.

JVC C-P7U ni mo wá rà ní àlòkù. Kí n tó sanwó, mo ní kí ẹni tó ń tà á ya ilé bátìrì rẹ̀ ní fọ́tò fún mi, torí bátìrì tí wọ́n gbàgbé sínú rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ ló ń ba ọ̀pọ̀ wọn jẹ́: á ṣomi, irin ibẹ̀ á dípẹtà. Tèmi mọ́ tónítóní. Apá méjèèjì jọ ń rìn ni, ìdérí rẹ̀ sì máa ń dúró kó kó téèpù wọlé tán kó tó ṣí. Ohun tó ń bí mi nínú nípa rẹ̀ ni pé ó lọ́ra, ó sì ń pariwo bí mo bá ń dá téèpù padà kíákíá. Mo ti jáwọ́ nínú ìyẹn, kí jíà àtijọ́ má bàa kán. Panasonic náà ṣe irú rẹ̀ tó ń lo bátìrì, ẹ lè mú èyí tí ẹ bá rí. Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún JVC yìí.

Bẹ́ẹ bá ti rà á, bátìrì alkaline tuntun ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì yọ ọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Bí téèpù bá rọ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ìka yí eyín etí rẹ̀ díẹ̀ kó le kẹ́ ẹ tó fi í sínú àdápítà. Bí bátìrì bá kú nígbà tí téèpù ṣì wà níta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀bẹ ṣí i. Ẹ pààrọ̀ bátìrì. Ẹ nu hẹ́ẹ̀dì ẹ̀rọ fídíò yín (ibi tó ń ka téèpù) pẹ̀lú, torí ogbó ni gbogbo wọn báyìí. Funai, ilé iṣẹ́ Japan tó ń ṣe ẹ̀rọ fídíò dìgbà ìkẹyìn, ti dáwọ́ dúró láti 2016.

Nǹkan kan wà tí àdápítà tó dáa jù lọ ò lè ṣe. Àǹtí mi tó wà ní Houston fi kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó rẹ̀ ránṣẹ́. JVC gbé e wọlé láìsí wàhálà, àmọ́ àwòrán ń yí gbirigbiri, ohùn àwọn èèyàn sì ń fà nílẹ̀. NTSC ni ìlànà tí wọ́n fi ń gba àwòrán sórí téèpù ní Amẹ́ríkà, PAL ni ti Britain àti Nàìjíríà, ẹ̀rọ fídíò mi ò sì mọ̀ ju PAL lọ. Téèpù NTSC ń sáré ju ti PAL lọ, ìdí nìyẹn tí ohùn fi ń falẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ka méjèèjì ni mò ń wá lọ́wọ́, àwọn tó ní i sì mọ iye tó tó: owó tí wọ́n ń pè é ju ti àdápítà lọ fíìfíì.