"Harmattan ló fà á, sà": ohun tójú mi rí lọ́dọ̀ àwọn tó tún ẹsẹ̀ Knight mi tò ní Utako

Mi ò tíì bínú sí ṣọ́ọ̀bù kankan l'Abuja báyìí rí. Ọmọkùnrin tó wà ní kántà gbé Knight mi, ìyẹn róbọ́ọ̀tì pílásítíìkì tí wọ́n fi ń ṣe géèmù orí tábìlì, jáde nínú páálí, ó gbé e lé orí gíláàsì, kí n tó na ọwọ́ sí i báyìí, ẹsẹ̀ ọ̀tún já ní ọrùn-ẹsẹ̀, gbogbo ẹ̀ dojú bolẹ̀. Ọmọ yẹn wò mí, ó ní "Harmattan ló fà á, sà." Kò tiẹ̀ kọ́kọ́ ní ẹ má bínú.

Ẹni tó bá ń gbá géèmù Warhammer 40,000 mọ Imperial Knight, mi ò ní máa ṣàlàyé bó ṣe tóbi tó. Ẹ ṣáà mọ̀ pé látìgbà tí Games Workshop ti gbé e jáde ní 2014, ìdúró kan ṣoṣo ni wọ́n rọ ẹsẹ̀ ẹ̀ sí. Apá ṣeé gbé sókè sódò, ìbàdí ṣeé yí, àmọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì á dúró gbagidi bíi sẹkúríìtì tó ń ṣọ́ géètì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó máa rìn, àfi kẹ́ ẹ fi ayùn gé e ní ọrùn-ẹsẹ̀, ní orúnkún, ní ìbàdí, kẹ́ ẹ wá tún un tò látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn písítìnì ara ẹsẹ̀ yẹn pàápàá, ẹ máa tún wọn gé ni, torí tí orúnkún bá ti ká, gígùn wọn á yí padà. Iṣẹ́ tí mo tìtorí ẹ̀ sanwó nìyẹn, mo fẹ́ kó dà bíi pé ó ń sáré bọ̀ wá bá èèyàn, mo sì fẹ́ kí wọ́n kùn ún.

Ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́ o, kíkùn yẹn, ó dáa débi pé bí mo ṣe ń bínú náà ni mò ń wò ó. Wọ́n kùn ún ní búlúù tó jinlẹ̀, wọ́n fa góòlù tín-ín-rín yí etí irin kọ̀ọ̀kan ká, kò sì sí ibi tí ọwọ́ ti gbọ̀n. Wọ́n fi fóòmù tẹ ibi tó bó tẹ̀ ẹ́ lára bí ẹni pé ó ti jagun dé. Wọ́n wá bu ilẹ̀ pupa Lugbe, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ béèsì tó dúró lé, wọ́n tún fi díẹ̀ pa àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀. Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Sítíkà èjìká òsì nìkan ló wọ́, ìyẹn ò sì ká mi lára.

Mo mú ẹsẹ̀ tó já, mo wo ojú ibi tó ti já. Pẹ́ńtì sílífà ń dán níbẹ̀, lókè àti nísàlẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: wọ́n ti kun ẹsẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tán kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́, wọn ò sì ha pẹ́ńtì kúrò lójú oríkèé. Glúù tí wọ́n fi ń lẹ irú pílásítíìkì yìí, ńṣe ló máa ń yọ́ ojú méjèèjì kí wọ́n lè wọnú ara wọn di ọ̀kan. Tí pẹ́ńtì bá wà láàárín, pẹ́ńtì nìkan ló máa yọ́.

Mo ní wáyà dà? Torí wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo sanwó pé gbogbo oríkèé làwọn máa gún wáyà sí. Ó ní "A gún un, sà, inú ló wà." Mo ní fi ihò ẹ̀ hàn mí. Ó yí ẹsẹ̀ yẹn sọ́tùn-ún sósì, kò rí ihò kankan, ó wá ní bóyá wáyà yẹn ló bọ́. Wáyà lè bọ́, ihò kì í bọ́! Ló bá tún ní kí n fi owó àtúnṣe sílẹ̀, kí n sì fi WhatsApp ránṣẹ́ sí wọn. Owó àtúnṣe kẹ̀? Ohùn mi ròkè níbẹ̀ yẹn, mi ò purọ́, obìnrin tó ń gba owó ló sáré jáde, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, ẹ mu omi," ó bá lọ pe ọ̀gá wọn wá láti ẹ̀yìn.

Bàbá kan ló jáde, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, eyín àtọwọ́dá ni wọ́n ń ṣe ní ọsibítù tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n kí mi, wọ́n gba ẹsẹ̀ yẹn, wọ́n wò ó, wọ́n yíjú sí ọmọ yẹn, wọ́n bi í ní Hausa pé ta ló lẹ èyí. Kò dáhùn. Bàbá ní "Ọmọ mi, ẹ má bínú, harmattan kọ́." Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ ló máa ń jẹ́ kí súpà glúù gan, torí náà tí ọyẹ́ bá gbẹ gbogbo ìlú báyìí ó máa ń pẹ́, àmọ́ glúù tí wọ́n lò síbẹ̀ kì í tiẹ̀ ṣe súpà glúù, àti pé nǹkan tó wúwo tó báyìí, wáyà ló gbọ́dọ̀ gbé e dúró, glúù kàn ń bá a dì í mú ni.

Wọ́n fa àga, ojú mi ni wọ́n ṣe é. Wọ́n fi bíléèdì ha pẹ́ńtì kúrò títí pílásítíìkì fi hàn. Wọ́n fi dírílì ọwọ́ lu ihò sí apá kan, wọ́n kán pẹ́ńtì tóótó sí ẹnu ihò yẹn, wọ́n tẹ apá kejì mọ́ ọn, ibi tí pẹ́ńtì bá ti tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n lu ihò kejì sí, ó ṣe wẹ́kú. Wáyà idẹ ni wọ́n kì bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n po green stuff, ìyẹn àmọ̀ aláwọ̀ méjì tó máa ń le tí wọ́n bá ti pò ó, yẹ́lò àti búlúù, títí ó fi di gíríìnì kan ṣoṣo, wọ́n fi omi ra ìka kó má baà lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n fi dí àlàfo.

Ohun tó wá mú kí ọkàn mi rọ̀ pátápátá nìyí. Wọ́n so nǹkan kékeré mọ́ okùn, wọ́n jù ú sílẹ̀ láti ìbàdí Knight yẹn, okùn kọjá ìka ẹsẹ̀ iwájú. Wọ́n ní "Ẹ rí i? Ó ti ṣubú kó tó já." Gbogbo ìwúwo ara ẹ̀ ti kọjá ẹsẹ̀, ọrùn-ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń jìyà ẹ̀. Wọ́n bá já ìbàdí, wọ́n dá àyà padà sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n tún orúnkún ẹ̀yìn ká, okùn wá bọ́ sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹ gbà mí gbọ́, ìgbà yẹn gan-an ló wá jọ ẹni tó ń sáré. Ti tẹ́lẹ̀ yẹn, ńṣe ló jọ ẹni tí wọ́n tì.

Wọn ò gbowó àtúnṣe. Àmọ́ wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀, kí n wá gbà á lọ́sẹ̀ kejì, ó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, mo pè títí kò sẹ́ni tó gbé fóònù, èmi ni mo tún wọkọ̀ láti Kubwa lọ bá wọn. Ọmọ kántà yẹn ṣì wà níbẹ̀, kò sì sí ẹnì kankan tó sọ fún mi pé irọ́ tó pa fún mi ò dáa.

Ìyẹn ni mi ò fi lè gbójú fò ó. Tó bá jẹ́ Bàbá nìkan lèèyàn ń bá pàdé níbẹ̀ ni, kò sóhun tí mi ò ní fún wọn. Àmọ́ kántà lẹ máa kọ́kọ́ dé, ẹ má gba iṣẹ́ yín lọ́wọ́ wọn láìjẹ́ pé ẹ gbé e sókè, ẹ rọra mì ín, ẹ sì ní kí wọ́n fi fọ́tò ihò wáyà kọ̀ọ̀kan hàn yín kí wọ́n tó kùn ún.

Máàkì mi: 2 nínú 5. Armiger méjì mi, ìyẹn àwọn Knight kékeré, ti wà lọ́dọ̀ Bàbá báyìí, mo sì ti ní kí Bàbá fúnra wọn gé wọn.